Láwàní Àlàájì Kassim Onígẹdú

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Làtífù jẹ́, kí ó lọ bi àwọn awakọ̀ wôrô-wôrô, takisí èrò tó ń ná Treichville sí Attécoubé ní Abidjan. Wọn yóò sọ fún un pé ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, kò ní lè ní kí wọ́n dúró. Á jókòó jẹ́ẹ́, á máa wo ilé tirẹ̀ láti ojú fèrèsé bó ṣe ń kọjá lọ. Bí ọkọ̀ bá wá dé òpin ọ̀nà, á sọ̀kalẹ̀, á dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, á sì fẹsẹ̀ rìn padà wálé nínú oòrùn.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Gíní tí wọ́n ń pè ní bazin níbẹ̀ ló ń tà ní ọjà Treichville. Oníbàárà a fọwọ́ pa aṣọ, a dá iye tó bá wù ú, Làtífù a ní, "Ó dáa." Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí ọjà náà ì bá dà bí kì í bá ṣe ti Kúlísúmù ìyàwó rẹ̀, tó máa ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lórí àpótí bí ọ̀gá ọlọ́pàá. Oníbàárà tó bá gbọ́ "Ó dáa" lẹ́nu ọkọ, yóò gbọ́ "Kò dáa o" lẹ́nu ìyàwó kó tó dìde nílẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń rí jẹ.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í fi gbogbo nǹkan du ẹnì kan. Ẹ̀bùn tó fún Làtífù ni láwàní wíwé. Bó bá wé láwàní fún ènìyàn, bí onítọ̀hún tilẹ̀ jẹ́ ọ̀lẹ paraku, yóò dà bí ẹni tó ti há Kùránì sórí láti kékeré. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá, tí wọn kì í fẹ́ gbà pé ọmọ Ọ̀yọ́ mọ nǹkan mìíràn ju fọ́nńté lọ, gbà fún un. Kò sí ẹni tó joyè ní mọ́sálásí àwọn Yorùbá ní Treichville tí kì í ṣe ọwọ́ Làtífù ló kan orí rẹ̀.

Àṣà kan sì wà ní mọ́sálásí náà, tí àwọn baba tó kọ́kọ́ dé Abidjan fi lélẹ̀. Ẹni tí a bá ń wé láwàní fún kò gbọdọ̀ dìde, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aṣọ náà, kò sì gbọdọ̀ la ẹnu, àyàfi bí ẹni tó ń wé e bá bi í ní nǹkan, ìgbà náà ó di dandan kó dáhùn. Bó bá ku kí wọ́n ki etí aṣọ bọ abẹ́, Lèmọ́mù yóò béèrè pé, "Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni mọ ohun kan tí kò fi yẹ kí ọkùnrin yìí wé láwàní?" Ẹni tó di etí aṣọ mú ni yóò wo ọ̀tún, wo òsì, tí yóò sì dáhùn lórúkọ gbogbo ìjọ pé, "Kò sí." Ní kíá, yóò ki aṣọ bọ̀ ọ́, gbogbo ènìyàn á kígbe "Allahu Akbar," ìrẹsì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ń béèrè, ẹnikẹ́ni kò dáhùn ohun mìíràn rí. Wọ́n ti wé láwàní fún ẹni tí ìyàwó rẹ̀ mẹ́ta ń pè lẹ́jọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ti wé e fún ẹni tí gbogbo ọjà mọ̀ pé omi ló ń pò mọ́ òróró tó ń tà. "Kò sí" náà ni. Làtífù kì í tilẹ̀ wo ibi kankan mọ́ kó tó sọ ọ́.

Ìyọnu bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Sidikatou, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Òun àti Chakirou ọkọ rẹ̀ ti ń ta àwo àti ìkòkò ní ìlú kékeré kan ní Làìbéríà, kò jìnnà sí ààlà. Nígbà tí ogun dé ibẹ̀ ní ọdún 1990, ó fẹsẹ̀ rìn gba inú igbó dé Danané ní ìhín ààlà, ó wọkọ̀ wá sí Abidjan, ó sì dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò irin kan lórí. Wọ́n bi í pé ọkọ rẹ̀ dà. Ó ní wọ́n gbé e lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún ń gorí ọdún, Sidikatou kì í ṣe ìyàwó, kì í sì í ṣe opó. Kò lè ṣe opó, nítorí kò sẹ́ni tó lè sọ pé Chakirou kú. Kò sì lè fẹ́ ẹlòmíràn, nítorí kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò kú. Bí ẹnu ọ̀nà bá dún, yóò dìde. Inú Làtífù a máa bàjẹ́ bó bá rí i bó ṣe ń padà jókòó.

Ó wá di ọdún 1996. Àlàájì Kassim Onígẹdú ní òun fẹ́ fi pákó tuntun kan òrùlé mọ́sálásí. Ta ni Àlàájì Kassim? Ọmọ wa ni, ó sì tóbi. Ó ní ilé ìlagi lẹ́bàá ọ̀sà, ó ní igbó tó ń gé lápá ìwọ̀-oòrùn, ó ní agbégilódò tí kò lóǹkà, àwọn ọkọ̀ ojú omi òyìnbó sì ń dúró dè é ní èbúté. Bó bá sín ní Treichville, wọn a máa kí i pẹ̀lẹ́ ní Abobo. Àwọn àgbà ìjọ wo òrùlé tó ń jò, wọ́n wo Àlàájì, wọ́n sì ní kò sẹ́ni tó yẹ kó jẹ Bàbá Àdínì bí kò ṣe òun. Ká má purọ́, òrùlé ni wọ́n fẹ́ fi láwàní rà.

Lọ́jọ́ tí pákó dé, Sidikatou ń gbá ibi tí àwọn obìnrin ti ń kírun. Agbégilódò pupa ńlá kan fi ẹ̀yìn wọlé. Lára pákó ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà àwọ̀ ìyeyè kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba: ÀDÚRÀ ÌYÁ MI. Obìnrin náà rọra fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó sì wá bá Làtífù nínú ọjà.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ọkọ̀ tó gbé Chakirou lọ wà ní mọ́sálásí."

Làtífù ní, "Ọkọ̀ ta ni?"

"Ti Àlàájì Kassim. Mi ò ní kí ẹ bá a jà o. Ẹ ṣáà bá mi bi í pé níbo ló já wọn sí. Ibi tó já wọn sí nìkan ni mo fẹ́ mọ̀, kí n lè mọ ohun tí mo jẹ́."

"Ó dáa," ni Làtífù wí.

Kò ì tíì pa ẹnu dé tí ẹni tí Lèmọ́mù rán fi dé. Wọ́n ní kó múra sílẹ̀ o, Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀ ni yóò wé láwàní fún Àlàájì Kassim.

"Ó dáa," ni Làtífù tún wí. Kúlísúmù wo ọkọ rẹ̀ láti orí àpótí. Ó wò ó títí, ó wá mí kanlẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, Làtífù gbọ́n agbádá, ó lọ sí ilé ìlagi. Wọ́n mú un wọ yàrá kan tó tutù débi pé eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Àlàájì dìde láti ẹ̀yìn tábìlì, ó dì mọ́ ọn.

"Làtífù! Ọlọ́wọ́ orí mi! Jókòó, jókòó. Kí ni mo lè ṣe fún ọ?"

"Àlàájì, agbégilódò yín kan..."

"Èwo? Àdúrà Ìyá Mi? Ṣé ó gbé pákó dé pé?"

"Ó dé pé, Àlàájì."

"Ṣé pákó náà dára?"

"Ó dáa."

"Alhamdulillahi! Ọmọ gidi ni ọ́. Ẹ bá mi mú àgbò kan fún un."

Àgbò náà tóbi. Òun ló wọ́ Làtífù dé ilé, kì í ṣe Làtífù ló fà á. Kúlísúmù dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí.

"Bàbá Jẹ̀mílà, ṣé ẹ bi í?"

"Mo bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló wá sọ?"

Kí Làtífù tó la ẹnu, àgbò ti ké. Kúlísúmù ní òun ti gbọ́ èsì. Sidikatou kò fi ẹnu kan ẹran náà, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni pa á. Wọ́n so ó mọ́lẹ̀ lágbàlá. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti jẹ odidi ìgàn bazin aláwọ̀ ewé kan, ó sì tún ń wo èyí tó kù.

Làtífù gba ọ̀dọ̀ Lèmọ́mù lọ. Ènìyàn rere ni Lèmọ́mù Àrìmíyàù, ṣùgbọ́n ibi tí òun gan-an ń dúró sí kírun ni òrùlé ti ń jò jù. Lọ́dún tó kọjá, òjò pa á láti ìrun ìrọ̀lẹ́ kan dé òmíràn, ikọ́ ẹ̀ ò sì tíì lọ. Ó fetí sí Làtífù dé ìparí.

"Làtífù, ogun ni. Ṣé Àlàájì ló jagun ni?"

"Rá... Ẹ̀n... Ọkọ̀ rẹ̀ ni, Lèmọ́mù."

"Ọkọ̀ tó ń jẹ́ Àdúrà Ìyá Mi kò kéré láyé yìí. Ta ni ìyá rẹ̀ kò gbàdúrà fún? Bí obìnrin bá ti ń ronú púpọ̀, ojú a máa ṣe é bàìbàì. Lọ fi ọkàn balẹ̀."

"Ó dáa."

Ó dé ilé, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó ní òun ṣàìsàn. Kúlísúmù ní àìsàn wo. Ó ní ọwọ́ ni. Jẹ̀mílà ọmọ wọn, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n tí kì í fi dáhùn, ni wọ́n ní kó wá fi báńdéèjì dì í. Ọmọ náà ń dì í, ó ń gbọn orí.

"Papa, faut parler. Gbê est mieux que drap, hein."

Ó ní kó sọ̀rọ̀; bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, pé òtítọ́ sàn ju ìtìjú lọ. Làtífù ní ó dáa, kó ṣáà máa dì í lọ. Báńdéèjì náà ki débi pé ó dà bí ẹni tó fi orí ọmọdé há abíyá. Ó gbé e lọ fún Lèmọ́mù wò.

Lèmọ́mù wò ó, ó ní, "Yé! Pẹ̀lẹ́. Alhamdulillahi pé òsì ni. Ọ̀tún la fi ń wé láwàní."

Ohun tí ènìyàn tí kò mọ irọ́ pa máa ń jẹ nìyẹn. Kò rántí ọwọ́ tó yẹ kó dùn ún.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ pé. Ọmọ Ọ̀yọ́ kún apá kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kún apá kejì, àwọn Jùlá aládùúgbò wà láàárín, àwọn obìnrin wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Àwọn tó sá fún ogun Làìbéríà, tí wọ́n ń gbé káàkiri àdúgbò, wá síta nítorí ìrẹsì. Òrùlé tuntun ń dán lókè. Àlàájì Kassim jókòó lórí awọ, nínú aṣọ funfun báláú, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Làtífù bẹ̀rẹ̀ sí í wé. Ó wé, ó wé, kó tó mọ̀, ó ti wé etí báńdéèjì pọ̀ mọ́ láwàní, òun àti Àlàájì sì ti so pọ̀ bí ewúrẹ́ àti èèkàn. Ẹ̀rín sọ. Láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, wọ́n gbọ́ ohùn Kúlísúmù tó ní, "Mo gbé!" Làtífù ní láti tú báńdéèjì náà jù sílẹ̀, gbogbo ayé sì rí i pé ọwọ́ náà dá ṣáká. Lèmọ́mù ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Ó wúkọ́.

"Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni mọ ohun kan tí kò fi yẹ kí ọkùnrin yìí wé láwàní?"

Ní ẹ̀yìn ilé, àwọn alásè ti ṣí ìdérí ìkòkò. Làtífù di etí aṣọ mú. Ó la ẹnu, "Kò..." ló fẹ́ jáde, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti mọ ọ̀nà. Ó wá wo apá ibi tí àwọn obìnrin wà, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Sidikatou ti gbé aṣọ ìkélé sápá kan. Kò bínú, kò sunkún. Ó kàn ń wò ó bó ṣe máa ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Ó wà," ni Làtífù wí.

"Allahu Ak..." Àwọn tó wà lẹ́yìn ti kígbe dé àárín kí wọ́n tó gé e. Lèmọ́mù tẹ etí sílẹ̀.

"Kí lo wí?"

"Ó wà, Lèmọ́mù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó wà." Ó yí sí ẹni tó jókòó. "Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni Àdúrà Ìyá Mi já àwọn èrò Làìbéríà sí?"

Àlàájì fẹ́ dìde. Làtífù kò fi etí aṣọ sílẹ̀, láwàní náà sì fà á lọ́rùn, ó padà jókòó pẹ̀ẹ́. Lèmọ́mù ní àṣà ni o, ẹni tó ń wé e ti bi í, kó dáhùn ká lè máa lọ.

"Èrò wo?" ni Àlàájì wí. "Igi ni mo ń gbé. Oníṣòwò ni mí, èmi kì í ṣe sójà."

Sidikatou ló dáhùn. Ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti yí ìlú ká. A dùbúlẹ̀ sínú ilé. Ọkọ mi yọjú lójú fèrèsé, ó rí ọkọ̀ yẹn, ó sì ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Ó ní, 'Sídí, Ọlọ́run ti gbọ́, ọkọ̀ àwọn ènìyàn wa ló dé. Yorùbá ni wọ́n kọ sí i.' Kò sẹ́ni tó tì í. Òun fúnra rẹ̀ ló sáré jáde, tó gòkè, tó tún ń na ọwọ́ fa àwọn ẹlòmíràn sókè, tó ń sọ fún wọn pé ọkọ̀ àwọn ará òun ni. Ó ní kí n yára mú ìkòkò, kí n wọ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìgbà tí mo mú ìkòkò jáde ni mo rí àwọn tó gbé ìbọn lẹ́yìn ọkọ̀."

Kí ẹ wò ó, nínú gbogbo Làìbéríà, ta ni ì bá ka ọ̀rọ̀ yẹn, tí ì bá sì gbà á gbọ́, bí kò ṣe ọmọ wa?

"Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ máa gé igi lápá ọ̀dọ̀ wọn, kí n yá wọn ní ọkọ̀," ni Àlàájì wí. Ó ti ń yára sọ̀rọ̀. "Gbogbo onígẹdú ló ń yá wọn. Bí mi ò bá yá wọn, ẹlòmíràn á yá wọn. Mo ha lè mọ ohun tí wọ́n máa kó sí i? Mi ò sí níbẹ̀! Wọ́n sọ fún mi pé wọn ò ní kọjá ẹ̀yìn ibi tí a ń to igi sí, lọ́wọ́ odò..."

Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Sidikatou ní, "Pákó igbó yẹn ló wà lókè yìí?"

Gbogbo mọ́sálásí gbé ojú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Lèmọ́mù, tó ń dúró lábẹ́ ibi tó dára jù, yẹ̀ sápá kan díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí nǹkan fẹ́ jábọ́ lé lórí. Ó wú ikọ́. Ojú ti ọkùnrin náà, ó sì hàn.

"Àlàájì, parí rẹ̀," ló wí.

"Ẹ̀yìn ibi tí a ń to igi sí ni. Wọ́n ránṣẹ́ wá gba kọ́kọ́rọ́ kátápílà lọ́wọ́ mi, kí wọ́n lè fi wa yẹ̀pẹ̀ bò wọ́n. Mo fún wọn."

Sidikatou jókòó sílẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó sì tú gèlè rẹ̀. Kúlísúmù dì í mú. Ìgbà yẹn ló tó sunkún.

Ọ̀rọ̀ lọ́yà tó ń gba ẹ̀rí àwọn tó sá fún ogun, àti bí wọ́n ṣe mú Àlàájì lọ tún gbogbo rẹ̀ sọ níwájú rẹ̀, ìyẹn dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ìwé ìròyìn sì gbé e. Èyí tí mò ń sọ ni ti ọjọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn. Lèmọ́mù ní kò sí láwàní mọ́, ìrun òkú ni wọ́n máa kí fún ẹni tí kò sí òkú rẹ̀ nílẹ̀. Ó ní kí wọ́n dárúkọ òkú.

"Chakirou," ni Sidikatou wí.

Làtífù ṣì di etí aṣọ mú. Kò sẹ́ni tó ní kó fi í sílẹ̀. "Àlàájì, ẹ gbọ́?"

Àṣà ni, ó ní láti dáhùn. "Mo gbọ́."

Wọ́n fẹ́ máa tò láti kírun ni ohùn kan sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Georgette ni, obìnrin Yorùbá láti orílẹ̀-èdè Benin tó ń ta omi ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí, tó ti gbé ní Làìbéríà náà. Ó gbé bàtà rẹ̀ dání. Ó ní kí wọ́n má bínú, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni òun, òun kò mọ̀ bóyá wọ́n ń gba orúkọ Kristẹni níbí. Lèmọ́mù ní kó mú un wá.

"Olúbáyọ̀. Ọmọ mi ni."

"Ẹ gbọ́, Àlàájì?"

"Mo gbọ́."

Ẹnì kan tún dìde níbi ìrẹsì, ó dárúkọ bàbá rẹ̀. Ẹlòmíràn dárúkọ ìbejì. Àwọn tí wọ́n ti ń gbé láàárín wa láti ọjọ́ yìí, tí a rò pé oúnjẹ nìkan ló gbé wọn wá, bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kúlísúmù ránṣẹ́ sí àwọn alásè pé kí wọ́n dé ìkòkò padà. Àkókò ìrun àsárì fẹ́ dé, wọn ò tíì tán. Láwàní tí kò parí ti yẹ̀ bo ọ̀kan nínú ojú Àlàájì, kò gbọdọ̀ tún un ṣe. Orúkọ ń lọ, Làtífù ń béèrè, ó ń dáhùn, títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ.

Arúgbó kan dárúkọ ìyá rẹ̀. Àlàájì kò sọ̀rọ̀. Ó wolẹ̀.

Làtífù dúró dè é. Nígbà tó pẹ́, ó fa aṣọ náà díẹ̀.

"Mo gbọ́," ni Àlàájì wí.